Àna Mi àti Ìwé Òfin Ìlú Onílùú

Ọdún tí epo rọ̀bì di yẹpẹrẹ lọ́jà, tí àwọn ilé gíga àárín Calgary ní Canada ń dákẹ́ ní àjà kọ̀ọ̀kan, ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi gbé àpótí mẹ́ta wá sí ilé wa ní Pineridge, tó sì wọ basement lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i lẹ́nu ọ̀nà. Snow tí bàtà gbé wọlé ti yọ́ síbẹ̀, omi rẹ̀ gba ẹ̀wù mi wọ àyà. Àna mi dúró, ó jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ tán dáadáa, ó wá ní, "Dìde, dìde. Ọmọ ènìyàn kò gbọdọ̀ wólẹ̀ fún ọmọ ènìyàn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló yẹ kó ti ta mí lólobó.

Ẹnjiníà ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ bí wọn yóò ṣe gbẹ́ kànga epo tí kò ní wó. Ó ní ilé ní Chestermere, ilé tó jẹ́ pé láti fèrèsé ilé ìdáná ni ẹ ti ń rí adágún omi. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ilé iṣẹ́ rẹ̀ kó gbogbo àwọn tó wà ní àjà rẹ̀ jọ sí yàrá kan, wọ́n sì dá wọn dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fi ilé náà háyà fún àwọn ẹlòmíràn kó má bàa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ méjèèjì lọ bá àbúrò tirẹ̀ ní Toronto, títí bàbá wọn yóò fi ríṣẹ́. "Fún ìgbà díẹ̀ ni," ó sọ fún wa. Ìgbà tó sọ ọ́, snow àkọ́kọ́ ọdún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀. Kérésìmesì dé, ó ṣì wà níbẹ̀. Ọjọ́ Sunday ló máa ń rí àwọn ọmọ rẹ̀ lójú fóònù. Lọ́jọ́ kan, èyí tó kéré, ọmọ ọdún mẹ́rin, gbàgbé, ó pè é ní "Uncle". Àna mi rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí nǹkan kan. Kò jẹun lọ́jọ́ náà. Látìgbà yẹn ni gbogbo wa ti mọ̀ pé kì í ṣe owó ni ọkùnrin yìí ń wáṣẹ́ fún. Ó fẹ́ kó ilé rẹ̀ jọ sábẹ́ òrùlé kan kó tó pẹ́ jù.

Ní tèmi, iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Yàrá lẹ́tà ni mo wà, nílé iṣẹ́ epo kan láàárín ìlú. Láràárọ̀ ni mò ń wọ train ní Marlborough lọ síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lé ènìyàn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fò mí. N kò rò pé nítorí mo mọṣẹ́ ni. Mo rò pé wọ́n gbàgbé mi ni. Nítorí náà n kì í gba ìsinmi, n kì í sọ̀rọ̀ nípàdé, n kì í sì í wọ ẹ̀wù tí àwọ̀ rẹ̀ bá ń tàn. Èmi ni mo máa ń gbé páálí òfìfo lọ fún ẹni tí wọ́n bá ti lé, kó fi kó ẹrù rẹ̀. Ó di pé bí mo bá ti yọ sí àjà kan pẹ̀lú páálí, àwọn ọ̀gá á ti máa nu ojú kí n tó sọ pé "good morning". Lọ́jọ́ kan mo kàn fẹ́ lọ da páálí nù ni. Ọkùnrin kan ti kó àwòrán àwọn ọmọ rẹ̀ sínú àpò kí n tó ráyè ṣàlàyé.

Ẹ̀rù ìṣèlú sì ti wà lára mi láti kékeré. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí wọ́n ka ìbò tán nílùú wa, tí wọ́n sì da pẹtiróòlù sí ilé tó kọjú sí tiwa. Bàbá mi kó wa gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Lójú ọ̀nà ló ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ìṣèlú kan ṣoṣo tí mo mọ̀. Ó ní, "Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ẹgbẹ́ wo ni ẹ ń ṣe, ẹ ní ẹgbẹ́ akọrin." Ìdáhùn yẹn ni mo gbé wọ Canada. Nígbà kan tí obìnrin kan kan ilẹ̀kùn wa, tó fi ẹ̀rín béèrè ẹni tí mo máa dìbò fún, mo sọ fún un pé tenor ni mò ń kọ.

Ẹ wá wo irú ẹni tí Ọlọ́run fi sí abẹ́ ilé mi.

Torí pé kò sí iṣẹ́, àna mi ń wo àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń jiyàn lórí Internet. Ọdún tí wọ́n fẹ́ dìbò yan ààrẹ ni. Ó kọ̀wé gba ìwé òfin ilẹ̀ wọn, kékeré kan báyìí tó wọ àpò àyà, ó sì ń gbé e kiri inú ilé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, nídìí oúnjẹ, ó nu ẹnu, ó ní, "Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé libertarian ni mí."

Ìyàwó mi gbé ṣíbí sílẹ̀. "Bọ̀dá! Ẹ ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa?"

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé èmi ni mo ni ara mi. Ohun tí mo bá fi ọwọ́ mi ṣe, èmi ni mo ni ín. Ìjọba kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án àyàfi tí mo bá gbà."

"Ìrẹsì tí ẹ ń jẹ yẹn ńkọ́? Ta ló ni ín?"

"Ìwọ lo ni ín. Tìfẹ́tìfẹ́ lo fi fún mi. Àpẹẹrẹ rere nìyẹn! Kò sẹ́ni tó fipá mú ọ."

"Ẹ jẹ́ kí Màámi tó ń pè mí láràárọ̀ gbọ́ pé kò sẹ́ni tó fipá mú mi."

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ alẹ́ di kíláàsì. Ìtàn kan wà tó fẹ́ràn jù, ti àgbẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà láyé àtijọ́. Àgbẹ̀ náà gbin àlìkámà sínú oko ara rẹ̀, adìẹ ara rẹ̀ ló fẹ́ fún jẹ. Ìjọba ní ó ti gbìn ju iye tí àwọn fọwọ́ sí. Ó ní òun kò tà á. Wọ́n ní àìtà rẹ̀ gan-an kan ọjà gbogbo ìpínlẹ̀, nítorí bí kò bá gbìn ín ni, ì bá lọ rà á. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ní òdodo ọ̀rọ̀ ni ìjọba sọ.

"Àìtà!" Àna mi á lu tábìlì. "Ẹ gbọ́ o! Àìtà di òwò!"

"Ta ló wá jẹ àwọn adìẹ náà?" ìyàwó mi á bi í.

"Adìẹ kọ́ ni kókó ọ̀rọ̀."

"Adìẹ ni kókó ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ adìẹ."

Tó bá ti kúrò lórí àgbẹ̀, á bọ́ sórí ìbò. Ó ní ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá méjèèjì wọn, ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì olè kan náà ni. Ó ní bí ènìyàn bá dìbò fún ẹgbẹ́ kẹta, àwọn èrò á ní ó fi ìbò ṣòfò. "Ṣùgbọ́n bí o bá dìbò fún ẹni tí o kò fẹ́ nítorí pé o ń bẹ̀rù ẹni tí o kórìíra, èwo gan-an ni òfò níbẹ̀?" Ó ṣàlàyé pé wọn kì í ka orí ènìyàn nìkan yan ààrẹ, tó jẹ́ pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń rán àwọn aṣojú tó ń yàn án, kí èrò ìlú ńlá má bàa tẹ ìlú kékeré pa. Ó mọ iye ènìyàn tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kí orúkọ ẹgbẹ́ kékeré tó lè wọ ìwé ìbò ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo àádọ́ta ló mọ̀ lórí. Bó bá ti dé ibi "olè", èmi á dìde lọ wò ó bóyá fèrèsé ti tì. Nínú òtútù tó lé lógún nísàlẹ̀ òdo, kò sí fèrèsé tó ṣí ní gbogbo Pineridge, ṣùgbọ́n mo máa ń lọ wò ó.

Ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún méjìlá, wò ó títí. "Uncle, you can't even vote there."

"Òtítọ́ kì í béèrè ìwé PR," àna mi dá a lóhùn.

N kò ní purọ́, àwọn ọ̀rọ̀ kan wọ̀ mí létí. Ó ní ìwé òfin yẹn kì í ṣe àkójọ ohun tí ará ìlú lè ṣe. Ohun tí ìjọba àpapọ̀ lè ṣe ló wà níbẹ̀. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀, ti àwọn ìpínlẹ̀ àti ti ará ìlú ni. Ó ka ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé wọn kò gbọdọ̀ já wọ ilé ẹnikẹ́ni kí wọ́n máa tú ẹrù rẹ̀ láìnídìí. Mo gbé èyí rò nínú train. Níbi tí mo ti wá, n kò rí ẹni tó fi pépà ko ìjọba lójú rí. Lójú tèmi, bí òjò ni ìjọba ṣe rí. Ẹ kì í bá a jiyàn, ẹ máa ń wá ibi ya sí ni. Inú mi dùn pé àwọn kan jókòó, wọ́n kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí àna mi máa sọ ọ́ jẹ́jẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ thermostat ló wá sọ ilé wa di Amẹ́ríkà. Ara ògiri òkè ni ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń yí ooru ilé wà. Ìyàwó mi ló ń yí i, ó sì máa ń yí i sísàlẹ̀. Basement wá tutù bí inú fridge. Àna mi ní ọ̀rọ̀ òfin ni. Ọmọ wa ní kí a dìbò. A dìbò, mẹ́ta sí ẹyọ kan.

"Ohun tí mò ń sọ nìyẹn!" Àna mi fò dìde, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó wọlé ìbò. "Bí ènìyàn mẹ́ta bá dìbò pé kí òtútù pa ẹnì kẹrin, ṣé òfin nìyẹn àbí ìpànìyàn? Ẹ̀tọ́ kan wà tí ìbò kò gbọdọ̀ dé ìdí rẹ̀!"

Lọ́jọ́ kejì, ìwé òfin ilé wa ti wà lára fridge, ó kọ ọ́ sórí pépà méjì. Ó pín agbára sí ọ̀nà mẹ́ta. Òun ni aṣòfin, ìyàwó mi ni aláṣẹ, èmi ni adájọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tó fi jẹ́ èmi, sà?"

"Torí pé o kì í sọ̀rọ̀. Adájọ́ tó dáa kì í sọ̀rọ̀."

Ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé síwájú mi ni ti thermostat. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, kí ọkùnrin dá ẹjọ́ láàárín ìyàwó rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀. Mo sún ẹjọ́ síwájú. Mo sún un lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tó ṣe, ìyàwó mi lọ ra heater kékeré kan fún un ní ṣọ́ọ̀bù. Àna mi ní òun kì í gba ìrànwọ́ ìjọba.

"Bọ̀dá, èmi kì í ṣe ìjọba."

"Ìwé tó wà lára fridge ní ìwọ ni."

Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí omi ojú fèrèsé basement dì, a gbọ́ tí heater ń kùn nísàlẹ̀.

Nígbà tí òtútù fẹ́ máa kásẹ̀ nílẹ̀, ilé iṣẹ́ kan ní Houston kọ̀wé sí i. Ilé iṣẹ́ náà kéré, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dí ẹnu kànga epo ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ní kó wá fojú kàn wọ́n lọ́jọ́ Tuesday, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Bí wọ́n bá gbà á, ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ lè bá a níbẹ̀ kí iléèwé tó parí. Ìyàwó mi jó yí tábìlì ká. Bó ṣe ń jó lọ ló dúró lójijì, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ gbà mí o. Àwọn aṣọ́bodè."

Ẹni tó bá fẹ́ gba Calgary lọ sí Amẹ́ríkà, àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà ti ń dúró dè é nínú pápákọ̀ òfurufú tiwa níbí, kó tó wọ bàálù rárá. Ojúkojú ni àna mi máa bá wọn pàdé. A sì mọ̀ pé ó ti ń múra sílẹ̀, nítorí ihò ooru tó wà lógiri máa ń gbé ohùn rẹ̀ gòkè láti balùwẹ̀ basement. Níwájú dígí ló ti ń ṣe é, ó ń fi ohùn jíjìn sọ pé, "Officer, am I being detained? Yes or no?" Á dákẹ́ díẹ̀ kí officer inú dígí dáhùn. Ìdáhùn náà kì í tẹ́ ẹ lọ́rùn.

"Dádì," ìyàwó mi ní, "ẹ máa bá Bọ̀dá lọ."

"Èmi?"

"Ẹ ní ọjọ́ ìsinmi tí ẹ kò gbà láti ọdún mẹ́ta."

"Bí mo bá béèrè ìsinmi, wọ́n á rántí mi."

"Bí wọ́n bá dá Bọ̀dá padà láti ẹnu ibodè, ta ni yóò máa gbé abẹ́ ilé yín? Ẹ máa bá wọn lọ. Bí wọ́n bá ti fẹ́ la ẹnu, kí ẹ wúkọ́."

"Kí n wúkọ́?"

"Ẹ kò lè ní kí wọ́n dákẹ́, àna yín ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ikọ́ kì í ṣe àfojúdi."

Bí èmi àti àna mi ṣe dé pápákọ̀ òfurufú lówùúrọ̀ Monday nìyẹn. Bàálù wa máa gbéra ní aago mọ́kànlá ààbọ̀. Òun nìkan ló ń lọ tààrà sí Houston lọ́jọ́ yẹn, torí pé látìgbà tí epo ti wó, èrò kò sí mọ́. Bí a bá pàdánù rẹ̀, ọ̀sán Tuesday la ó tó dé, ìpàdé á sì ti kọjá. Gbọ̀ngàn náà ṣófo. Okùn tí wọ́n fi to ènìyàn sórí ìlà lọ́ síhìn-ín lọ́ sọ́hùn-ún, kò sí ẹnì kan láàárín rẹ̀. Àna mi wò ó.

"Okùn yìí, ta ló ní kí n tẹ̀lé e nígbà tí kò sí ènìyàn?"

Ó tẹrí ba, ó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Èmi rìn ín títí, gbogbo kọ́nà rẹ̀. Àna mi dúró dè mí ní ìparí, ó ń gbọn orí.

Ọkùnrin aṣọ́bodè tó jókòó síbẹ̀ ti hu ewú, ikùn rẹ̀ sì kan tábìlì. Ó gba pásípọ́ọ̀tù àna mi. "Níbo lò ń lọ?"

"Houston."

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe?"

Àna mi fa èémí. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àpò àyà. Mo wúkọ́.

"Wọ́n pè mí fún interview," ó sọ nígbẹ̀yìn.

"Iṣẹ́ epo?"

"Iṣẹ́ epo ni."

Ọkùnrin náà mi orí bí ẹni tó wá síbi òkú. "Nǹkan le níbí, àbí? Good luck, sir." Ó lu òǹtẹ̀.

Àna mi kò kúrò. Ó dà bí ẹni tó gbé ẹsẹ̀ láti gun àtẹ̀gùn tí kò sí níbẹ̀. "Ó tán?" ó béèrè.

"Ó tán."

"Ẹ kò fẹ́ bi mí ní nǹkan mìíràn?"

Mo wúkọ́ gan-an. Ó bá kọjá, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Oṣù mẹ́rin ló fi múra ogun, ọ̀tá sì kí i pé ó dàbọ̀.

Ó wá kàn mí. Mo wo ilẹ̀, torí pé ọkùnrin náà ti hu ewú, a kì í sì í tẹjú mọ́ àgbà níbi tí wọ́n ti tọ́ mi.

"Wò mí. Kí ni ikọ́ yẹn?"

"Kì í ṣe ikọ́, sà."

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe ní Houston?"

"Mò ń tẹ̀lé wọn ni, sà."

"Kí ló dé tí o fi ń tẹ̀lé e?"

N kò lè purọ́, n kò sì lè sọ òótọ́. Òógùn bo ojú mi. Ó bi mí níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kẹ́nikẹ́ni má gbọ́.

"Ṣé wọ́n mọ̀ níbi iṣẹ́ rẹ pé ò ń rìnrìn àjò?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," mo ní, "ẹ má sọ fún wọn."

Bí mo ṣe bá ara mi nínú yàrá ẹ̀gbẹ́ nìyẹn. Aago ara ògiri fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá aago mẹ́wàá ààbọ̀. Aṣọ́bodè mìíràn, onírun-imú pupa, ti ṣí báàgì mi, ó ń gbé ṣòkòtò àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀kùn ṣí. Àna mi wọlé. Kò sẹ́ni tó pè é.

"Àna mi ni ọkùnrin yìí," ó sọ. "Ẹ̀sùn wo lẹ fi kàn án?"

Mo wúkọ́.

"Mo sì fẹ́ mọ nǹkan kan. Ilẹ̀ tí a dúró lé yìí, ilẹ̀ Canada ni. Aṣọ tí o wọ̀, aṣọ Amẹ́ríkà ni. Nínú yàrá yìí, ìwé òfin ta ló ń ṣiṣẹ́?"

Mo wúkọ́, mo wúkọ́, omi jáde lójú mi. Mo ti rí i pé ó parí. Mo ti ń wo bí n ó ṣe sọ fún ìyàwó mi.

Onírun-imú pupa gbé ṣòkòtò mi sílẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọdún mẹ́fà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí," ó ní, "ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí ní ìbéèrè yẹn rí." Ó ki ọwọ́ bọ àpò àyà aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì yọ ìwé kékeré kan jáde. Ìwé kan náà ni. Àwọ̀ kan náà.

Ẹ ti rí ará abúlé kan náà méjì tí wọ́n pàdé nílùú òkèèrè, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ìyá àgbà kan náà ló gbẹ̀bí àwọn? Bẹ́ẹ̀ ló rí. Àga jáde. Aṣọ́bodè ní ẹgbẹ́ kẹta lòun máa ń dìbò fún láti ìgbà èwe, ṣùgbọ́n òun kì í jẹ́ kí àwọn ará ibi iṣẹ́ mọ̀. Ó ní ìyàwó òun rò pé àìsàn ni. "Àbúrò mi náà rò bẹ́ẹ̀!" àna mi ké. Wọ́n bọ́ sórí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti tú ẹrù ẹlòmíràn, báàgì mi ṣí sílẹ̀ gbayawu láàárín wọn. Kò pẹ́, mo gbọ́ "wheat". Àgbẹ̀ ti dé.

"And the chickens!" aṣọ́bodè ké.

"The chickens!" àna mi gbá orókún rẹ̀.

Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo wúkọ́. Aṣọ́bodè fún mi lómi. Aago mọ́kànlá. Mo wúkọ́. Àna mi kò wo ẹ̀yìn, ó fi Yorùbá sọ pé, "Mu omi tí wọ́n fún ọ." Mo mu ún. Wọ́n pe orúkọ wa lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, mo ṣì mọ̀ pé àwa ni, torí kò sí orúkọ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé yẹn. Àwọn méjèèjì kò gbọ́. Wọ́n ti dé orí owó orí.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀dọ́ lè ní kí ló dé tí n kò sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí àna mi jẹ́ fún yín. Lọ́jọ́ ìdána wa, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí ìyàwó. Òun ló jókòó níwájú, ó dá wa padà kí a tún un ṣe, nítorí pé ikùn ẹnì kan nínú wa kò kanlẹ̀. Láti ọdún mẹ́tàdínlógún, n kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí. A kì í já lu ọ̀rọ̀ àna. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ká lára láàárín àgbà, ọ̀nà kan ló wà. Mo rí àwọn ọmọ rẹ̀ lójú fóònù ní Toronto. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.

Mo dọ̀bálẹ̀. Gbalaja, lórí kápẹ́ẹ̀tì ìjọba Amẹ́ríkà, mo rí i dájú pé ikùn mi kanlẹ̀.

Aṣọ́bodè fò sókè. "Sir! SIR!" Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ìbàdí. Aṣọ́bodè tó hu ewú sáré wọlé. Obìnrin kan gbé àpótí òògùn tẹ̀lé e.

Mo sọ ọ́ sínú kápẹ́ẹ̀tì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, sà. Mo tọrọ gáfárà."

"Kí ni?"

"Bàálù ń lọ."

"Há! Kí ló dé tí o kò ti sọ̀rọ̀?"

"Ẹ ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni, sà."

"Kí ló ń ṣe?" onírun-imú pupa béèrè.

Àna mi wo ilẹ̀. "Ó ń gbàyè láti sọ̀rọ̀."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

"Lọ́wọ́ mi."

Aṣọ́bodè wò ó. Ó wo èmi tí mo wà nílẹ̀. Ó wo ìwé kékeré ọwọ́ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n o ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé kò sí ọmọ ènìyàn tó..."

"It's voluntary," àna mi yára sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó fi Yorùbá bi mí, "Àbí ta ló fipá mú ọ?"

"Kò sẹ́nikẹ́ni, sà," mo dá a lóhùn láti ilẹ̀.

Bí a ṣe sáré, n kò lè sọ ọ́ tán. Aṣọ́bodè fúnra rẹ̀ ló gbé báàgì mi, òun ló fi káàdì ìjọba ṣí ilẹ̀kùn kan tí wọn kì í ṣí fún èrò. Òun ló ṣáájú, ó ń pariwo pé kí gbogbo ènìyàn yà lọ́nà fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, nínú ọ̀nà tí kò sí ẹyọ ènìyàn kan. Ṣòkòtò àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi kan bọ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó padà sí i. Obìnrin ẹnu bàálù ti ń ti ilẹ̀kùn nígbà tó rí wa, ó sì tún un ṣí.

Nínú bàálù, àna mi gbé ojú sí fèrèsé láti Calgary dé Houston. Nígbà tí wọ́n pín omi, ó gbé tirẹ̀ fún mi, ó ní ọ̀fun mi á ti gbẹ.

Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó sí yàrá àlejò ilé iṣẹ́ náà láti aago mẹ́sàn-án. Kóòtù snow ni mo wọ̀, torí pé òun nìkan ni mo mú wá, ooru ìta sì dà bí ti ibi tí mo ti wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bi mí bóyá ara mi yá. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù, àna mi jáde. Kò wá sọ́dọ̀ mi. Ó lọ sí kọ̀rọ̀ kan, ó kọjú sí ògiri, ó fi fóònù sétí. Ohun tí mo gbọ́ kò ju "Ẹ máa palẹ̀ ẹrù mọ́" lọ. Lẹ́yìn náà, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Mo dìde, mo rọra jáde síta. Mo dúró sínú oòrùn láàárín àwọn mọ́tò, nínú kóòtù snow mi, títí tí àna mi fi nu ojú rẹ̀ tán tó wá sọ fún mi fúnra rẹ̀ pé òun ti ríṣẹ́. Mo ní, "Ẹ kú oríire, sà."